Ìràwọ̀ Àyà Atukọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Mẹ́dálì Ogun Hítílà

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ mẹ́dálì àwọn ọmọ ogun ojú omi pọ̀ ju ààyè tí a ní lọ. Àwọn tí ìdáhùn wọn máa wúlò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn la mú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ mi. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ogun ojú omi nígbà ogun Hítílà. Nígbà tí a ń palẹ̀ ilé wọn mọ́, a rí páálí kékeré kan tí ìràwọ̀ mẹ́ta àti mẹ́dálì roboto kan wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ 1939–45 Star, Atlantic Star àti Africa Star sára àwọn ìràwọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ bàbá lára ọ̀kankan. Àwọn ọmọ mi ń béèrè ohun tí bàbá ńlá wọn ṣe lójú ogun. Ṣé àwọn nǹkan yìí lè sọ ọ́? (Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ́ọ̀nù)

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ìyá àwọn ọmọ. Wọ́n á sọ ibi tí bàbá dé fún yín, wọ́n á sì sọ ìgbà tí ó débẹ̀. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni wọn ò ní sọ. Ọjọ́ àti agbami ni ìjọba fi ṣírò àwọn ìràwọ̀ yìí, wọn ò fi ìgboyà ṣírò wọn. Ẹni tó dúró ti ìbọn àti ẹni tó ń se ọbẹ̀ nínú ọkọ̀ kan náà, ìràwọ̀ kan náà ni wọ́n gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 1939–45 Star ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun ojú omi gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ 180 lójú omi, níbi tí ogun ti ń lọ, láàárín ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945. Ẹ wo ọ̀já rẹ̀: búlúù dúdú, pupa, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo wọn fẹ̀ bákan náà. Búlúù dúdú dúró fún ọmọ ogun ojú omi àti atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù, pupa fún ti orí ilẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ fún ti òfuurufú.

Atlantic Star ló máa ń da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú. Àwọn ènìyàn rò pé ẹni tó bá ti la Atlantic kọjá ti gbà á nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí atukọ̀ bá ti gba 1939–45 Star tán ni òǹkà ọjọ́ 180 mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọṣẹ́ ní oṣù Kẹta 1941, wọ́n ń kọ́ ọ níṣẹ́ lórí ilẹ̀ títí di àárín oṣù Keje. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ó wọ corvette, ọkọ̀ ogun kékeré tó ń sin ọ̀wọ́ ọkọ̀ ẹrù kọjá Atlantic. Gbogbo oṣù tó lò lórí ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Ọjọ́ 180 rẹ̀ pé ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 1942, ìràwọ̀ kìíní dọwọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òǹkà Atlantic bẹ̀rẹ̀, kò sì ní pé títí di ọjọ́ 9 oṣù Keje 1942. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí Òkun Mẹditaréníà ní oṣù Kẹfà, kò tíì gba Atlantic Star nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń gbé orí Atlantic fún bí oṣù mọ́kànlá.

Àyàfi wà o. Ẹni tí ikú, ọgbẹ́ tàbí àìlera tó ti ẹnu iṣẹ́ wá bá gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú, wọn ò ní ka ọjọ́ sí i lọ́rùn.

Africa Star yàtọ̀ pátápátá. Kò bèèrè pé kí ènìyàn kọ́kọ́ gba nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bàbá bá ti wọ Mẹditaréníà láàárín ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1940 sí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1943, ọjọ́ kan ṣoṣo ti tó. Ibi tí àwọn ará ilé wa máa ń ṣìnà sí rèé: wọ́n rí orúkọ Áfíríkà, wọ́n ní bàbá ti gbé Èkó tàbí Freetown rí nìyẹn. Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sí nínú ìràwọ̀ yẹn. Ẹni tó lo ọdún mẹ́ta gbáko ní etíkun Freetown kò lè fi gba Africa Star.

Èyí tó rí roboto ni War Medal. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí kìnnìún tó dúró lórí dírágónì olórí méjì. Ọjọ́ 28 péré ló gbà.

Ẹ tún wo ohun tí kò sí nínú páálí yẹn. Kò sí France and Germany Star, ṣùgbọ́n ìyẹn ò túmọ̀ sí pé bàbá ò dé Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1944. Òfin ni pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ gba Atlantic Star àti France and Germany Star pọ̀. Ẹni tó bá yẹ fún méjèèjì, ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n fún un, wọ́n á wá fi irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ìkejì sí há ọ̀já rẹ̀. Ẹ wá inú páálí náà dáadáa. Irin yẹn kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ, ó sì máa ń bọ́ sábẹ́ bébà. Bó bá jẹ́ ọ̀já aláìní mẹ́dálì tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ iṣẹ́ ni ẹ rí, òdòdó fàdákà kékeré ló máa wà lórí rẹ̀ dípò irin.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá. Gbogbo ọmọ ogun ojú omi tí kì í ṣe ọ̀gá ló ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kan tó ń tẹ̀lé e kiri: orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó wọ̀ ọ́, ọjọ́ tó kúrò, àti ìwà rẹ̀ lọ́dọọdún. V.G. tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni pé ìwà rẹ̀ dára gan-an. Bí wọ́n bá gé igun kan kúrò lára ìwé náà, ìtìjú ni wọ́n fi lé ẹni náà lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ka ọjọ́ kà á kọjá ààlà ni orúkọ àwọn ibùdó. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún bárékè lórúkọ bí ẹni pé ọkọ̀ ni. HMS Drake, ibùdó lórí ilẹ̀ ní Devonport ni. HMS Pembroke wà ní Chatham. HMS Royal Arthur, ibi ìgbafẹ́ etíkun ní Skegness ni wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀. HMS Eland ni ibùdó wọn ní Freetown. Ọjọ́ tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú orúkọ yìí kì í ṣe ọjọ́ ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré pa á rẹ́: àwọn ọkọ̀ kékeré kì í ní ìwé owó oṣù tiwọn, ibùdó ló ń bá wọn kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ ibùdó tí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà nínú àkámọ́ ni ọkọ̀ tí bàbá wà ní ti gidi.

Nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. P ni Portsmouth, D ni Devonport, C ni Chatham. JX jẹ́ ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ orí ọkọ̀, KX ti àwọn tó ń dáná ẹ́ńjìnnì, LX ti àwọn alásè àti agbáwo àwọn ọ̀gá, MX ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti nọ́ọ̀sì ọkùnrin. Nítorí náà, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D/KX, Devonport ni ilé rẹ̀, inú ooru ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló sì ti jagun.

Orí GOV.UK, ìkànnì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lójú ewé tí wọ́n ti ń béèrè ìwé iṣẹ́ ológun tó ti kú. Ẹ ní orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí àti ìwé ẹ̀rí ikú lọ́wọ́. Bí nọ́ńbà iṣẹ́ bá wà, iṣẹ́ á yá. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ ààbò ti ń kó àwọn ìwé wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀ lọ sí The National Archives, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, torí náà bí wọ́n bá ní kò sí lọ́dọ̀ àwọn, ibẹ̀ ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n wa, ìdílé wa máa ń sọ pé bàbá ìyá wa jẹ́ fáyámánì, ẹni tó ń dáná ẹ́ńjìnnì, nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster nígbà ogun Hítílà, ọkọ̀ náà sì rì. A ò rí mẹ́dálì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1971. Ṣé wọ́n fi dù ú nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó béèrè. Wọn kì í fi mẹ́dálì ogun yìí ránṣẹ́ sílé fúnra wọn. Atukọ̀ tàbí ìdílé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún atukọ̀, funfun àti dúdú, ni kò béèrè. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ ní Liverpool tó sì ní àdírẹ́sì níbẹ̀ lè gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọ́fíìsì èbúté. Ẹni tó ti padà sí Abẹ́òkúta ńkọ́? Lórí owó oṣù, ẹ̀sùn yín múlẹ̀, nítorí owó tí wọ́n ń san fún atukọ̀ ọmọ Áfíríkà kéré sí ti òyìnbó nínú ọkọ̀ kan náà. Òfin mẹ́dálì ni kò ya dúdú sọ́tọ̀.

Atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù ni bàbá yín, kì í ṣe ọmọ ogun, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà. War Medal gba ọjọ́ 28 lójú omi. 1939–45 Star gba oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán kí ìrìnàjò kan gba ibi ogun kọjá. Èkó sí Liverpool nígbà náà kò sì lè yẹ ibi ogun sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni òǹkà Atlantic Star yóò tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí a ti ṣàlàyé sókè.

Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ọkọ̀ náà. Elder Dempster pàdánù ọkọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló ri Accra ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 1940. Ọkọ̀ òfuurufú ló ju bọ́ǹbù lu Apapa ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà. Abosso ló burú jù: ó ń bọ̀ láti Cape Town lọ sí Liverpool nígbà tí U-575, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, yìnbọn fún un lóru ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1942, ènìyàn 362 ló sì bá a lọ. Bí àwọn àgbà ilé bá rántí ọdún tàbí àkókò òjò tí ìròyìn náà dé, ẹ ti ní ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì The National Archives, ẹ wá inú ìwé tí wọ́n pè ní BT 395. Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n fún ní mẹ́dálì ogun yẹn láti 1946 sí 2002 ló wà níbẹ̀, orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́dálì. Bí orúkọ bàbá kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó béèrè, ẹ̀yin sì lè béèrè báyìí láti orí GOV.UK bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lábẹ́ òfin. Ẹ̀rí ìbátan ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Orúkọ ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Akọ̀wé ọkọ̀ ń kọ orúkọ Yorùbá bó ṣe dún létí rẹ̀. Ẹ má wá Ògúnṣọlá nìkan. Ẹ wá Ogunsola, Ogunshola, Gunsola, Shola. Ẹ tún wá orúkọ àbísọ rẹ̀ bí ẹni pé orúkọ ìdílé ni. Ẹ wo ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ojú àánú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń dá ọdún fún akọ̀wé. Nọ́ńbà ìwé atukọ̀ rẹ̀ ni kò ń yí padà. Bí káàdì tàbí ìwé pélébé kan bá kù nínú àpótí ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù.

Fún ẹlòmíràn tí ti rẹ̀ kò padà wálé rárá: orúkọ àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ẹrù tó bá omi lọ wà lára ibi ìrántí ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n fi tò ó, torí náà fáyámánì àti ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ orúkọ ọkọ̀ kan náà.

Mò ń tọ́jú ìyá arúgbó òyìnbó kan ní Manchester. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú sin ọkọ̀ ẹrù lọ sí Rọ́ṣíà. Ìyá ní àwọn aládùúgbò gba ìràwọ̀ kan tí òun ò ní. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Manchester)

Òótọ́ ni. Arctic Star ni wọ́n ń pè é. Fún ohun tó lé ní 60 ọdún, ẹni tó lọ sí Murmansk tàbí Archangel kò ní ìràwọ̀ tirẹ̀; Atlantic Star ni wọ́n kà á mọ́, bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Inú bí wọn gan-an, ó sì tọ́. Nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ PQ 17 nìkan, ní 1942, ọkọ̀ ẹrù 24 ló rì. Ní ìparí 2012 ni ìjọba gbà láti dá ìràwọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì fún àwọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta 2013, nígbà tí ọ̀pọ̀ tó yẹ kó gbà á ti lọ.

Ọjọ́ iye ló gbà? Kò sí òǹkà. Kí ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lókè ìlà 66°32′ ní àríwá, láàárín ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945, kódà bó jẹ́ ọjọ́ kan. Ìlà yìí gan-an ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwọn kan. Ìsàlẹ̀ ìlà ni ilẹ̀ Iceland wà, bí a bá yọ erékùṣù kékeré kan kúrò. Ọkọ̀ tó sin ẹrù dé Hvalfjörður tó sì yí padà níbẹ̀ kò kọjá ìlà, òtútù yòówù kó ti pa àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ la fi ń yanjú rẹ̀, kì í ṣe ìwé ọkùnrin náà: ẹ wá orúkọ ọkọ̀ àti oṣù, kí ẹ wá wo irú ọ̀wọ́ tó sìn nínú oṣù yẹn. Èyí tó ń lọ sí Rọ́ṣíà máa ń jẹ́ PQ tàbí JW, èyí tó ń bọ̀ jẹ́ QP tàbí RA.

Ìyá fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè o. Ẹ lè bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ yín béèrè. Ìràwọ̀ náà máa ń dúró lẹ́yìn Atlantic Star, ṣáájú Africa Star.

Mo fẹ́ ra mẹ́dálì ogun ojú omi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́jà ní ti akọni kan ni, DSM (Distinguished Service Medal) àti ìràwọ̀ mẹ́rin. Kí ni kí n wò kí wọ́n má bàa lù mí ní jìbìtì? (Òǹkàwé kan, Ìkẹjà)

Ẹ wo DSM, ẹ gbàgbé ìràwọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára ìràwọ̀ ogun Hítílà. Ti Australia àti South Africa ló ní orúkọ. Ẹnikẹ́ni lè kó ìràwọ̀ mẹ́rin jọ láti ọjà mẹ́rin kó sì ní ti bàbá òun ni. Bí ọlọ́jà bá fi orúkọ tí wọ́n fín sẹ́yìn ìràwọ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn yín, ìdílé ló fín in fúnra wọn tàbí òun ọlọ́jà, kì í ṣe ìjọba.

DSM, láti 1914 títí di 1993, àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá ló ń gbà á fún ìgboyà. Fàdákà ni, ọ̀já rẹ̀ búlúù dúdú pẹ̀lú ìlà funfun méjì láàárín. Orúkọ àti nọ́ńbà atukọ̀ gbọ́dọ̀ wà létí rẹ̀ yípo. Ẹ ní kí ọlọ́jà ya fọ́tò etí yẹn, kì í ṣe ojú. Ohun tí àwọn oníjìbìtì máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi fáìlì ha orúkọ ẹni tí kò lókìkí kúrò, wọ́n á fín ti akọni sí i. Bí wọ́n bá ti ha á, mẹ́dálì ò ní tó mílímítà 36 mọ́ láti etí dé etí, ibi tí wọ́n ha á á sì máa dán ju ibi yòókù lọ. Ẹ wá orúkọ náà nínú London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde DSM. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Ti ìràwọ̀, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n: mílímítà 44 ní gígùn, 38 ní fífẹ̀. Gbàrọgùdù tí wọ́n dà sínú amọ̀ máa ń kéré díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì máa ń wú. Ìmọ̀ràn wa ni pé mẹ́dálì ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwà rere, tí orúkọ ọkùnrin náà wà létí rẹ̀, sàn láti rà ju ìràwọ̀ márùn-ún aláìlórúkọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún ròyìn fún àlejò.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké

*Bàbá mi jagun Bọ́mà, ó gba Burma Star. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ atukọ̀ òyìnbó ní èyí kan náà, ṣùgbọ́n irin “Pacific” wà lára tirẹ̀. Kí ló dé?* Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 gba tiwọn lórí ilẹ̀. Atukọ̀ gba tirẹ̀ ní agbami Bengal. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Pacific. Ẹnì kan kì í gba Burma Star àti Pacific Star pọ̀, irin ló ń rọ́pò ìkejì.

*Ṣé ọmọ-ọmọ lè fi mẹ́dálì bàbá ńlá sáyà?* Bẹ́ẹ̀ ni, ní àyà ọ̀tún. Àyà òsì jẹ́ ti ẹni tó gbà á fúnra rẹ̀.

*Kí ni a fi ń fọ̀ ọ́?* Ẹ má fi ìpara tí ń dán irin kàn án. Ó ń jẹ lẹ́tà àti adé ọba lára ìràwọ̀. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó. Ẹ má fi sínú ọ̀rá, pàápàá ní Èkó tí atẹ́gùn òkun wà, nítorí ó máa ń làágùn níbẹ̀. Bí ọ̀já bá ti gbó, ẹ ra èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 32, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 fún mẹ́dálì kan, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀já àtijọ́ sínú àpò ìwé pẹ̀lú páálí rẹ̀. Lórí páálí yẹn ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àti àdírẹ́sì atukọ̀ sí nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni ẹ̀rí tí ẹ ní pé tirẹ̀ ni.